Bí Ọmọ IT Ṣe Lè Jíṣẹ́ Fún Àgbà Láì Rí Wọn Fín

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 21 ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mo sì ń ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́fà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń rán wa lọ ṣe, ní ọ́fíìsì kan nítòsí Ọláìyá ní Òṣogbo. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá tí ó jẹ́ kíláàkì àgbà wa ní kí n gbé lẹ́tà ìpè sí ìpàdé kan wọlé fún ọ̀gá láti fọwọ́ sí. Mo rí i pé Ọjọ́rú, ọjọ́ 14, ni wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ 14 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. N kò sọ nǹkan kan, nítorí pé bàbá náà ju bàbá tí ó bí mi lọ́jọ́ orí. Lẹ́tà jáde, àwọn kan wá ní Ọjọ́rú, àwọn kan wá ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa obìnrin ń wádìí, mo jẹ́wọ́ pé mo ti rí i ṣáájú, inú sì bí wọn sí mi ju bí ó ṣe bí wọn sí bàbá lọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ ti ń bà mí. Nísinsìnyí, mò ń tẹ àkọsílẹ̀ owó ìrìnnà tí bàbá yìí kan náà ṣe, mo sì rí orúkọ kan tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò lọ sí ẹ̀ka ìṣirò owó. Báwo ni mo ṣe lè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ tí wọn kò ní pè mí ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí n máa kọ̀wé sí wọn?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí pé owó ni ó wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì kò sì jìnnà. Bí o bá ti dé ibi iṣẹ́ lọ́la ni kí o sọ ọ́, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó wọra. Bàbá tí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ náà ni kí o sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. N ó kọ ọ̀rọ̀ tí o lè lò sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé ọ ná, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀rù tèmi ni yóò lé ẹ̀rù bàbá kúrò lọ́kàn rẹ.

Ó ti tó ọdún 23 tí mo ti wà nídìí ètò òṣìṣẹ́, níbí ní Òṣogbo ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Yunifásítì Fountain, láti Pólì Ẹdẹ àti láti Ìrèé ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, àwọn àgùnbánirọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn tí a tọ́ dáadáa nílé ni ẹnu wọn máa ń wúwo jù ní ọ́fíìsì. O ti ń gbọ́ láti kékeré pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́, pé kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí a kò pè é sí, o sì gbé ẹ̀kọ́ náà wọ ibi iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe gbà á. N kò ní sọ fún ọ pé kí o gbé e jù sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí àwọn òbí kan náà fi kọ́ ọ, tí ó jọ pé o gbàgbé sílé nígbà tí ò ń bọ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ̀kọ́ náà ni iṣẹ́ jíjẹ́.

Rántí bí ìyá rẹ ṣe ń rán ọ níṣẹ́ sí ilé kejì. Kí o tó kúrò níwájú wọn, wọn yóò ní kí o tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí àwọn gbọ́. Bí o bá dé ọ̀hún, o ó kúnlẹ̀, o ó kí ẹni tí wọ́n rán ọ sí, o ó sọ ọ̀rọ̀ náà láìdín láìlé, o ó sì mú èsì padà. Bí o kò bá tilẹ̀ bá ẹni náà nílé, dandan ni kí o padà wá sọ pé o kò bá a. Ọmọ tí a rán tí ó yà síbi eré, tí ilẹ̀ ṣú tí a kò gbúròó rẹ̀, ni à ń pè ní ọmọ tí kò ṣeé rán níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni bí iṣẹ́ náà bá le lẹ́nu ẹni tí ó rán ọ, o mọ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí àwọn ọ̀gá ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá kọ́ṣẹ́ kò ju èyí lọ: kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, kí ó gbé e dé ibi tí ó ń lọ, kí ó sì mú èsì padà kí a tó béèrè.

Nígbà náà, wo ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní ìyá rẹ fún ọ lówó kí o lọ ra ata ní Ọjà Ọba, o wá rí i lójú ọ̀nà pé owó náà ti ya sí méjì, ṣé o ó máa lọ nítorí pé wọ́n jù ọ́ lọ? O ó padà, o ó na owó náà sí wọn, o ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti ya." Bí o kò bá padà, ìtìjú tí wọn kò ní jẹ ni o fi wọ́n sí lọ́dọ̀ aláta. Lẹ́tà tí bàbá fi rán ọ ti ya, ojú rẹ sì rí i. Ohun tí ojú ojíṣẹ́ bá rí lójú ọ̀nà wà lára iṣẹ́ tí a fi rán an.

Má rò pé àwa Yorùbá nìkan ni èyí ń bá jà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1977, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ìkùukùu bo gbogbo pápá. Awakọ̀ àgbà ọkọ̀ KLM, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Netherlands, ẹni ńlá tí ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn níṣẹ́, ti ń sáré láti gbéra nígbà tí wọn kò tíì fún un láṣẹ. Ẹlẹ́rọ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ó ti kúrò, ẹlẹ́rọ náà kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ará Netherlands kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, síbẹ̀ ipò ọ̀gá ti tó láti pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu. Láti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí ẹni tí ó wà nípò kékeré ṣe ń sọ ohun tí ó rí, àti bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́ ọ. Nǹkan tí wọ́n ń fi owó ńlá kọ́ náà ni ìwọ ń béèrè yìí, nítorí náà má ṣe kà á sí ìbéèrè ọmọdé.

Bí o bá fẹ́ sọ àṣìṣe tí o rí nínú iṣẹ́ àgbà, ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, nídìí tábìlì rẹ̀, nígbà tí etí ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́ rẹ. Kí i, tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kan, kí o fi ìka sí ibi tí o rí, kí o sọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kí o sì fi ìbéèrè parí rẹ̀. Ká ní o ti sọ lọ́jọ́ náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo rí Ọjọ́rú, ọjọ́ 14, níbí, kàlẹ́ńdà sì fi hàn pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ 14. Èwo ni kí a fi síbẹ̀ kí n tó gbé e wọlé?", kò sí ẹni tí yóò pè ọ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. O kò sọ pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Kàlẹ́ńdà ni ó sọ̀rọ̀, bàbá ni wọ́n sì pinnu. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìtọrọ àforíjì gba ìdí ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń sọ pé òun kéré, pé òun kò mọ nǹkan kan, pé ojú òun lè máa ṣi nǹkan rí, títí àgbà náà fi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé orí ohun tí ó bá wá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà" kan ṣoṣo ti tó.

Àṣà wa pàápàá kò pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ pátápátá. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà, yóò ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe," àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, "O ó rí òmíràn pa." Ọmọdé tọrọ àyè, àgbà fún un láyè, ọgbọ́n tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sì jáde láìsí ìjà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ní ìbéèrè kan lórí ìwé yìí" ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ní ọ́fíìsì.

Bí àgbà náà bá ní kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó lè ní ìdí tí ìwọ kò mọ̀, nítorí náà fi ẹ̀sọ̀ béèrè rẹ̀. Bí kò bá sí ìdí, tí ọ̀rọ̀ náà sì kan owó, tàbí ọjọ́, tàbí ìlera ẹnì kan, sọ fún un pé o ní láti fi han alábòójútó rẹ, kí o sì lọ fi hàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí o tó lọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ohun tí ó máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ni kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn láti ẹnu ọ̀gá, kí wọ́n sì rántí pé ọmọ náà jókòó tì wọ́n láti àárọ̀, tí kò bá wọn sọ nǹkan kan.

Ní ti ìbínú ọ̀gá rẹ, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Inú bí wọn sí ọ jù nítorí pé bàbá kò mọ̀, ìwọ sì mọ̀. Síbẹ̀, n ó sọ èyí fún àwọn ọ̀gá tí ó bá ń ka ìdáhùn yìí: ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kò yẹ kí ó gba ìyà tí ó ju ti àwọn tí ó dákẹ́ lọ. Bí a bá ń nà án, àwọn tí ó ń wò ó yóò kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Ọ̀nà tí à ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ó tún kàn, níbẹ̀ ni èmi fúnra mi sì ti jìyà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, oníbàárà kan pè láti Ìkìrun pé kí a kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin páálí ọṣẹ wá fún òun. Mo ní, "Ó dáa, sà," mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì kọ 800 sínú ìwé. Ẹgbẹ̀rin ni 800. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ni 700. Mo mọ ìyàtọ̀ náà láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni etí mi mú. Ọgọ́rùn-ún páálí lọ sí Ìkìrun, ó sì padà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ di gbèsè sí wa lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ iye fún mi ní Yorùbá, mo máa ń dá a padà sí i ní ọ̀nà kejì: "Ẹ ní 700, sà, méje, òdo, òdo?" Ẹni tí ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ kò ní bínú sí i. Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹnì kan ń gbọ́ òun.

Ọjọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá wá sí ọ́fíìsì yín ní Ọjọ́rú, tí wọ́n ní àwọn yóò padà wá ní òní ọjọ́ mẹ́jọ, Ọjọ́rú tí ó ń bọ̀ ni wọ́n ń wí, nítorí pé Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ fi mẹ́jọ kún ọjọ́ òní lórí kàlẹ́ńdà yóò kọ Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀, ìyá yóò sì dé bá àga òfìfo. Kọ orúkọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ pọ̀, kí o sì kà á sí wọn létí. Bákan náà ni "wọ́n" tí ó rọrùn fún wa. "Wọ́n ń pè yín, mà." Ta ni? Ọ̀gá àgbà ni, àbí àwọn oníbàárà mẹ́ta tí ó wà níta? Ọ̀wọ̀ tí a fi sínú "wọ́n" dára, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí náà fi orúkọ tàbí ipò ẹni náà ṣáájú: "Mànéjà ẹ̀ka ìṣirò owó ni wọ́n ń pè yín, mà, lórí ọ̀rọ̀ rísíìtì àná." Ìwé kékeré kan àti bírò kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá pè ọ́, mú un dání, nítorí pé ìbéèrè tí o bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé o kò kọ èsì àkọ́kọ́ sílẹ̀ máa ń rẹ àwọn àgbà.

O béèrè nípa ìwé kíkọ. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Òṣogbo lónìí, WhatsApp ni ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àléébù jù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ "Ẹ káàárọ̀, mà", yóò wá dúró kí ọ̀gá dáhùn kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́. Ọ̀gá rí i láàárín ìpàdé, kò mọ̀ bóyá iná ń jó ọ́fíìsì ni tàbí wọ́n kàn ń kí òun. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo. Wo èyí: "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ti tẹ mẹ́ta nínú lẹ́tà mẹ́rin tí ẹ fún mi lánàá. Ìkẹrin kù nítorí pé n kò rí àdírẹ́sì ilé-ìwé náà nínú fáìlì. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé, àbí ó wà lọ́wọ́ yín? Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí aago méjìlá tó lù." Ọ̀gá tí ó bá ka èyí mọ ohun tí o ti ṣe, ohun tí ó kù, ìdí rẹ̀, ohun tí o fẹ́ lọ́wọ́ òun, àti ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni yóò fi dá ọ lóhùn. Kọ ọ̀rọ̀ ní kíkún, má ṣe gé e kù bí o ṣe ń kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́. Má fi ohùn sílẹ̀ fún ọ̀gá láìjẹ́ pé òun ni ó ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò lè gbọ́ ọ níwájú àlejò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀rọ̀ tí ó bá lè di àárọ̀, jẹ́ kí ó di àárọ̀.

Ti ímeèlì kò le: orúkọ ara rẹ ni kí ó wà nínú àdírẹ́sì rẹ, kí àkọlé sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí o sì rí i dájú pé o ti so ìwé tí o ní o so mọ́ ọn kí o tó fi ránṣẹ́.

Bí o bá máa pẹ́, bóyá òjò ni ó dí ọ mọ́lé, tàbí oṣù kẹjọ ni, tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìlú tí ọkọ̀ kò sì rìn mọ́, kọ̀wé kí aago ìwọlé tó lù, kí o sì dárúkọ aago tí o ó dé. "Mò ń bọ̀, mà" kò ní aago nínú. Má sì ṣe kọ "mo ti wà lọ́nà" nígbà tí o ṣì wà nílé, nítorí pé ẹni tí ó bá mú ọ nínú irọ́ kékeré yẹn kò ní gba àlàyé rẹ gbọ́ lọ́jọ́ tí ó bá jẹ́ òótọ́.

Kíkí ní ààyè pàtàkì, inú mi sì máa ń dùn sí ọmọ tí ó bá kí ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹni tí ó ń gbálẹ̀ bí ó ṣe kí ọ̀gá. Kíkúnlẹ̀ kò di èèwọ̀ ní ọ́fíìsì. Àwọn ọ̀gá kan ní Òṣogbo ń retí rẹ̀, àwọn kan kò fẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ kan péré yóò sì ti fi hàn ọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí o wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀ tàbí tí ó wà lórí fóònù, tẹ orí ba díẹ̀, kọjá, kí o kí i nígbà tí ó bá tú sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o máa pe àwọn ní Àǹtí tàbí Bọ̀dá, kò burú lẹ́nu. Nínú ìwé, Ọ̀gbẹ́ni tàbí Ìyáàfin pẹ̀lú orúkọ ìdílé wọn ni kí o kọ. Èmi kò fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pe ọ̀gá ní Mọ́mì tàbí Dádì. Ó máa ń jọ ìfẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá di dandan láti sọ pé ìwé kan kò tọ̀nà, ọmọ ni yóò máa bá òbí sọ̀rọ̀, ẹnu yóò sì tún wúwo.

O kò béèrè èdè tí ó yẹ kí o sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dá ọ̀pọ̀ lọ́kàn rú. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ lẹ́tà ọ́fíìsì, nítorí náà kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó gbé fọ́ọ̀mù wá láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, kò wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ. Èdè tí ènìyàn bá fi bá ọ sọ̀rọ̀ ni kí o fi dá a lóhùn, bí o kò bá sì mọ orúkọ nǹkan kan ní Yorùbá, sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún un. Ọmọ IT tí ó lè jókòó ti àgbà kan, kí ó ṣàlàyé fọ́ọ̀mù olójú-ìwé mẹ́rin fún un ní Yorùbá tí ó já gaara, tí ó sì lè wọlé lọ sọ ohun tí àgbà náà wí fún ọ̀gá ní Gẹ̀ẹ́sì láìyí i padà, iyebíye ni ní ọ́fíìsì èyíkéyìí ní ìlú yìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu rẹ rárá. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, owó oṣù àti àìsàn àwọn ènìyàn tí o rí nínú fáìlì kì í ṣe tìrẹ láti sọ nílé tàbí láti yà ní fọ́tò. Òfin tí ó dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn wà ní Nàìjíríà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ni ó fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà, ọdún 2023. Kí o tó ya fọ́tò ara rẹ nídìí tábìlì fún sítétọ́ọ̀sì, wo ohun tí ó wà lórí tábìlì náà.

Ìwé ojoojúmọ́ rẹ, èyí tí ẹ ń pè ní logbook, jẹ́ ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣòfò. Àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó gbé ètò SIWES, tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń tipasẹ̀ rẹ̀ ṣe IT, kalẹ̀ ní ọdún 1973, nítorí pé ìmọ̀ iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò tó ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fẹ́. Olùkọ́ tí ó bá wá bẹ̀ ọ́ wò láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kò bá ọ jókòó ní ọ́fíìsì. Ìwé náà ni ojú rẹ̀. Bí o bá kọ pé "mo ṣiṣẹ́ lórí fáìlì lónìí", kò rí nǹkan kan. Bí o bá kọ pé o to fáìlì 40 ní ìtẹ̀léra nọ́ńbà wọn, pé o rí méjì tí nọ́ńbà wọn jọra, pé o fi han alábòójútó rẹ, tí wọ́n sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fún ọ̀kan ní nọ́ńbà tuntun, ó ti rí ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́. Kọ ọ́ lójoojúmọ́ kí o tó kúrò níbi iṣẹ́, má kó o jọ di ìparí oṣù.

Ó wá ku ti ọ̀la. Tètè dé, jẹ́ kí bàbá jókòó kí wọ́n sì simi, kí o wá mú àkọsílẹ̀ náà lọ bá wọn, pẹ̀lú ìlà tí ó wà lábẹ́ orúkọ méjèèjì, kí o ní: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń tẹ àkọsílẹ̀ owó ìrìnnà yìí, mo rí orúkọ yìí níbí, mo sì tún rí i níbí. Ṣé ẹni méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, àbí kí n yọ ọ̀kan kúrò kí ó tó lọ ní ọjọ́ Ẹtì?" Ìbéèrè tòótọ́ ni, nítorí pé ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà ní Òṣogbo. Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́ kí wọ́n wò ó. Bí ojú wọn bá rọ̀, fi ti lẹ́tà kún un: "Sà, mo rí ọjọ́ tí ó wà nínú lẹ́tà ìjọ́sí kí ó tó jáde, n kò sọ fún yín. Ẹ má bínú." Ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Èsì yòówù tí wọ́n bá fún ọ lórí orúkọ náà, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí o sì jẹ́ kí alábòójútó rẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú.